Wúrà Inú Pálọ̀ Wa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹbí ọkọ òun ṣe pọ̀ tó, kó fọ́ ilẹ̀ pálọ̀ ní Iléṣà.

Ilé alámọ̀ tí bàbá ọkọ mi kọ́ là ń gbé, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lára. Irú ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó ń dí omi ilẹ̀ lọ́wọ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, omi á máa fà gòkè láti abẹ́ ilé, ilẹ̀ á rin, ọ̀dà ara ògiri á máa bó bí èépá, kápẹ́ẹ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọkọ mi ní àfi ká tún un ṣe kí Oṣù Kejìlá tó dé, torí bí ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà bá ti ń bọ̀, gbogbo ọmọ Obòkun tó wà lẹ́yìn odi ló ń bọ̀ wálé.

Mo ní ká lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ifẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ó ní kò ṣeé ṣe. Báàgì sìmẹ́ǹtì kan ti ń lọ sí 10,000 náírà, bí onílé ò bá sì sí nílé, sìmẹ́ǹtì á máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. La bá kó gbogbo pálọ̀ sínú yàrá. Àga lórí àga, fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Yèyé, ìyá ọkọ mi. Kí Yèyé tó lè jáde lọ tọ̀ lóru, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun tábìlì. Eruku wà nínú ọbẹ̀, ó wà nínú irun, ó wà láàárín ewé Bíbélì.

Bíríkìlà ní ká fọ́ ilẹ̀ náà, ká wú yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde, ká to òkúta síbẹ̀, ká da yẹ̀pẹ̀ padà, ká gún un kó le dáadáa, ká tẹ́ ọ̀rá lé e, kí òun wá da jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀, sórí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, pálọ̀ ti di kòtò, òkìtì yẹ̀pẹ̀ pupa ti ga níwájú ilé, ó sì ń dán wínníwínní nínú oòrùn.

Dídán yẹn ló kó bá wa. Wúrà kúkú wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lóòótọ́. Wọ́n ń wà á ní Ìtagunmódì, wọ́n ń wà á lọ́nà Ìpérindó, láti 2021 sì ni iléeṣẹ́ ńlá kan ti ń yọ ọ́ ní Sẹ̀gilọlá. Bí ará ibí bá rí i pé ẹnì kan tilẹ̀kùn mọ́rí tó ń gbẹ́lẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí ìyá tó ń sá èlùbọ́ ní òdìkejì la ṣe tilẹ̀kùn, wọ́n ní eruku wa ń bà sí èlùbọ́ àwọn.

Àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ yọjú. "Ìyàwó, ẹ kú oríire o."

Mo ní oríire kí ni? Wọ́n ṣẹ́jú sí mi, wọ́n ní àwọn ò ní sọ fẹ́nì kankan.

Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé ti gbé abọ́ dé ìdí òkìtì, wọ́n ń fi omi kànga wa jọ yẹ̀pẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí ọjà Àtàkúnmọ́sà bi mí bóyá a ti rí ẹni tó máa rà á. Mo ní ata rodo ni mo fẹ́ lọ rà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́n o."

Lóru ọjọ́ náà ni fóònù dún. Bùrọ̀dá ọkọ mi tó wà l'Ékòó ni. Nígbà tá à ń wá owó sìmẹ́ǹtì, fóònù wọn ò wọlé rárá. "Ṣé o mọ̀ pé ilé bàbá gbogbo wa ni?"

Ọkọ mi ní, "Bùrọ̀dá, mo mọ̀. Òun ló jẹ́ kí n máa pè yín nígbà yẹn."

Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láàárọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a ò rí òkìtì mọ́. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lóru, wọ́n tún gbálẹ̀ ibẹ̀. Ojú táyà bárò kan ṣoṣo ló kù, ó sọdá títì tààrà. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Oòrùn ràn dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èlùbọ́ ò jáde.

Bùrọ̀dá dé nínú léèsì funfun. Àwọn baba wa òṣómàáló ń lóṣòó ti onígbèsè títí owó aṣọ á fi pé. Tiwọn, àpótí ni wọ́n gbé sétí kòtò, wọ́n jókòó tì í. Bíríkìlà ní kò sí yẹ̀pẹ̀ mọ́, àfi ká ra típà kan. Ọkọ mi yíjú sí wọn: "Bùrọ̀dá, ìpín yín rèé. Ìdajì owó típà."

Ni wọ́n bá rántí pé àwọn ní ìpàdé l'Ékòó. Yèyé ní, "Jókòó. Ṣebí ilé bàbá gbogbo yín ni?" Wọ́n sanwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á.

Típà já yẹ̀pẹ̀, wọ́n rọ́ ọ sínú kòtò. Ọmọṣẹ́ kan ń wá ohun tó máa fi gún un, àwa ò mọ ìgbà tó wọ kíṣìnnì. Gbì, gbì, gbì la ń gbọ́. Yèyé ní, "Ta ló ń gúnyán láìpè mí?" Wọ́n yọjú, wọ́n bá ọmọ odó wọn, èyí tí ìyá tó bí wọn fi lé wọn lọ́wọ́, yẹ̀pẹ̀ pupa ti mù ún dé ìdajì. Ẹ lè fi ohun gbogbo bá Ìjẹ̀ṣà ṣeré, ẹ má fi iyán ṣe é. Yèyé já ọmọ odó gbà, ọmọkùnrin náà fò gba ojú fèrèsé, àwọn méjèèjì di títì.

Bí àdúgbò ṣe rí i tó ń sá lọ, tí Yèyé ń lé e, ẹnì kan kígbe: "Ó ti gbé e o!"

Gbogbo èèyàn gbá yá a. Wọ́n rá a mú níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkẹrosíìnì, wọ́n tú àpò rẹ̀. Téèpù ìwọnlẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀pà nínú ọ̀rá. Ìyá elélùbọ́ ló gba ẹ̀pà náà, wọ́n sì ń bó o wò níkọ̀ọ̀kan.