Ọjọ́ tí à ń kúrò ní Lisbon, màmá rí gbànja rà

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ló yẹ ká jáde nínú ilé tí a gbà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra padà sí London. Ẹni tó ni ilé ti sọ fún wa lálẹ́ àná pé kò sí wàhálà, ká fi ẹrù wa síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ mọ́ tán, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, àlejò mìíràn ti wà lọ́nà. Ọkọ mi fẹ́ bá a fà á, mo ní kó jọ̀ọ́. Bí àwa márùn-ún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpótí mẹ́rin kiri ìgboro nìyẹn.

Ẹni tó bá ti dé Lisbon, olú ìlú Portugal, á mọ ohun tí mò ń sọ. Òkúta funfun wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n wá ń fi dúdú ya oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà sáàárín rẹ̀. Èyí tó wà ní gbàgede Rossio dà bí ìgbì òkun. Dàmilọ́lá ọmọ mi ní ó ń mi, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wọ́ àpótí sí. Gbà-gbà-gbà ló ń dún títí táyà kan fi yọ lára àpótí màmá ọkọ mi. Wọ́n ní orí òkè méje ni ìlú náà wà. Lójú tèmi, wọ́n ò kà á dáadáa.

Nígbà tó yá, a rí ibi tí wọ́n ti ń gbowó bá èèyàn tọ́jú ẹrù. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ wọ tíráàmù 28, àmọ́ ìlà tí a bá ní Martim Moniz, níbi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, gùn débi pé a yíjú padà láìsọ̀rọ̀. Ká lè rí wọn tù nínú, a ra pastéis de nata mẹ́fà, àkàrà òyìnbó kékeré tí wọ́n fi ẹyin àti mílíìkì sí nínú. A ti lọ sí Belém lọ́jọ́ Tuesday, níbi tí ilé ìtajà kan ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1837, ṣùgbọ́n èyí náà kò burú: etí rẹ̀ ń fọ́ ṣẹ́ṣẹ́ lẹ́nu, orí rẹ̀ jó díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ ṣì gbóná. Màmá ọkọ mi ní ẹyin àti ṣúgà lásán ni. Ó jẹ méjì. A fi ẹyọ kan pamọ́ sínú páálí de ọ̀nà.

Ìgbà náà ni màmá ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà. Pópó Àgùdà ní Èkó, àdúgbò àwọn tí baba ńlá wọn padà dé láti Brazil, ni wọ́n bí i sí, ọmọ ìjọ Àgùdà pátápátá ni. Láti ọjọ́ tí a ti dé ló ti ń sọ pé ilé àwọn tó ni èdè Potogí nìyí. Nígbà tó rí “feijão”, ìyẹn ẹ̀wà lédè Potogí, nínú ìwé oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó pariwo: “Ẹ̀wà frejon wa nìyẹn!” Gbogbo ilé oúnjẹ ló yíjú wò wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos ló sún mọ́ wa jù. Iná jó o lọ́dún 1959. Wọ́n ti tún òrùlé ṣe, àmọ́ wọ́n fi àwọn òpó sílẹ̀ pẹ̀lú ojú àpá wọn, gbogbo rẹ̀ là, ó sì bó yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Màmá fọwọ́ kan ọ̀kan, ó wá wo ìka rẹ̀ bóyá èédú bá a. Ó tan àbẹ́là, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Níta, nítòsí òkúta ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní ìlú náà lọ́dún 1506, àwọn èèyàn dúdú dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Guinea-Bissau. Àwọn obìnrin kan pàtẹ ọjà. Màmá dúró gbagidi.

“Ìyàwó mi, ṣé gbànja kọ́ nìyẹn?”

Ó ti mú ọ̀kan kí n tó dáhùn. Ó fi èékánná là á: awẹ́ méjì péré. Gbànja ni, kì í ṣe àbàtà. Ìyá tó ń tà á kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, màmá náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ná an. Ìyẹn na ìka márùn-ún, màmá ká méjì wọlé. Ìyẹn mi orí, ó tún na ọ̀kan. Wọ́n bọ́ sí yúrò mẹ́rin. Màmá kò kúrò níbẹ̀, ó kàn tẹ́ ọwọ́, ó ń wò ó lójú. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ju ẹyọ kan sí i. Ènì nìyẹn! Màmá so gbogbo rẹ̀ mọ́ etí ìró.

A gba ẹrù wa, a wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Rossio, a pààrọ̀ ní Alameda, ó gbé wa dé pápákọ̀ òfurufú. Ibẹ̀ ni Dàmilọ́lá ti ní òun fẹ́ tọ́ gbànja wò. Màmá gé díẹ̀ fún un. Ojú ọmọ yí padà, ó tu ú sí ọwọ́ mi, ó sáré lọ ṣí páálí tí a fi pastel ìkẹyìn sí.

Òfìfo ni. Màmá tẹjú mọ́ ọkọ̀ òfurufú lójú fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.