Ohun tí ilẹ̀ èkan kọ́ mi nípa oko àgbàdo tí a kò lo oògùn sí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáko àgbàdo láìlo fatiláísà tàbí oògùn tí ń pa koríko, èpò ni yóò kọ́kọ́ dán yín wò. Lórí ilẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ, èkan ló gba gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ro ó, tí mo sì ń sun ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìmọ̀ pé iná kì í dé gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, àti pé ègé gbòǹgbò tí ọkọ́ bá gé tún lè hù di èkan mìíràn. Iná náà ń jó ewé tí ì bá jẹrà di ilẹ̀dú. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣá, tí èkan sì ń gbilẹ̀.

Ibòji ni èkan kò lè fara dà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin bẹ̀rẹ̀ sí gbin irú wèrèpè tí kì í yún ni lára sínú oko àgbàdo láti fi bo èkan mọ́lẹ̀. Èmi a máa ro àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, nítorí ìgbà náà ni èpò ń ṣe àgbàdo ní jàǹbá jù, lẹ́yìn náà ni mo ń gbin wèrèpè sáàárín rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kánjú gbìn ín. Ó gun àgbàdo, ó sì wó o. Lẹ́yìn ìkórè, yóò bo gbogbo ilẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi pa á, ewé rẹ̀ yóò sì tẹ́ nípọn sílẹ̀. Ẹ fa ọ̀kan tu kí ó tó kú: bí inú àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò rẹ̀ bá pọ́n, ó ń gba nàìtírójìn, èròjà tí ń mú irúgbìn dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n wèrèpè ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹ kò ní rí àgbàdo òjò kejì gbìn síbẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ se èso wèrèpè jẹ bí ẹ̀wà lásán. Nítorí náà ni mo ṣe ń pín oko sí méjì, tí apá kan ń sinmi lọ́dọọdún, kí oúnjẹ má baà wọ́n nílé.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí oko yín yíká kí ó mọ́ kedere, nítorí iná ọdẹ lè jó ewé tí ẹ fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ tán ní ọ̀sán kan ṣoṣo.