Ìmọ́lẹ̀ Ni À Ń Dí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kun gíláàsì fèrèsé, bó bá jẹ́ pé orí bébà lẹ ti ń yàwòrán tẹ́lẹ̀, ọwọ́ tí ẹ gbé wá ni yóò kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Èmi náà rò pé àwọ̀ ni mo fẹ́ kùn. Àwọ̀ ti wà nínú gíláàsì láti ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ. Ọ̀dà dúdú tiwa, ìmọ́lẹ̀ ló ń dí.

Ojú èèyàn ni mo kọ́kọ́ yà. Ó rẹwà lórí tábìlì. Mo gbé e sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ jẹ gbogbo ìlà tín-ín-rín rẹ̀ tán. Látìgbà náà, n kì í fa ìlà kan láìjẹ́ pé iná ń tàn lábẹ́ gíláàsì.

Ọ̀dà ọ̀hún, lúúlúù gíláàsì tó tètè ń yọ́ ni, pẹ̀lú ìpẹtà irin tàbí ti bàbà. Omi àti gọ́ọ̀mù díẹ̀, ìyẹn oje igi, la fi ń pò ó. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù, ọ̀dà á wú nínú iná. Tó bá kéré, ìka lásán á nù ún kúrò. Theophilus, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní ọ̀rúndún kejìlá, ní kí wọ́n fi wáìnì tàbí ìtọ̀ lọ̀ ọ́. Èmi fara mọ́ gọ́ọ̀mù. Òjé sì máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu.

Òjìji ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó fi ọ̀dà ṣíṣàn bo gbogbo ojú gíláàsì, ẹ ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi irun ẹranko tí wọ́n ń pè ní badger ṣe gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi gbẹ. Kíkùn parí nìyẹn, yíyọ ló kù. Búrọ́ọ̀ṣì líle, abẹ́rẹ́, igi ṣóńṣó: inú òkùnkùn yẹn lẹ ó ti ha imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde. Àìmọ ìgbà tó yẹ kí n dáwọ́ dúró ló ba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi jẹ́.

Nǹkan bí 650°C ni iná tí a fi ń sun ọ̀dà mọ́ gíláàsì, kí gíláàsì sì tutù díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sán. Ẹ̀yìn gíláàsì la ń fi èròjà fàdákà tó ń sọ gíláàsì di aláwọ̀ ìyeyè sí, iná tiẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ẹrẹ̀ rẹ́súrẹ́sú ni mo bá lórí rẹ̀. Mo ti fẹ́ jù ú nù. Ọ̀gá mi mú àkísà, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, irun áńgẹ́lì mi sì yọ, ó pọ́n bí ìyeyè.