Igi Ńlá lábẹ́ òrùlé gàárì: ìrìnàjò họ́kì sí Calgary

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi rélùwéè bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ ń bíni. Láàárín ìlú Calgary ní Kánádà, lójú ọ̀nà 7th Avenue, ọ̀fẹ́ ni CTrain, rélùwéè ìlú náà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè owó. Àmọ́ City Hall ni ọ̀fẹ́ náà parí sí, ibùdókọ̀ tó sì tẹ̀ lé e, Victoria Park/Stampede, ni èèyàn ti máa sọ̀ kalẹ̀ fún Saddledome, gbọ̀ngàn tí Flames, ẹgbẹ́ Calgary, ti ń gbá họ́kì orí yìnyín. Ibùdókọ̀ kan ṣoṣo péré! Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọkọ̀, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn tí òtútù bá gbà yín láàyè.

Wọ́n ṣí Saddledome ní 1983. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ láàárín bíi gàárì ẹṣin, torí ìlú ẹlẹ́ṣin àti darandaran ni Calgary. Gbọ̀ngàn náà ti darúgbó. Ọ̀nà àbákọjá inú rẹ̀ há, ìlà ilé ìtọ̀ sì gùn débi pé ẹni tó bá dúró kí apá kìíní parí kó tó dìde, ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Apá mẹ́ta ni họ́kì ní, ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dìde nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹun kí ẹ tó dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Búrẹ́dì onísọ́séèjì kan ṣoṣo níbẹ̀, owó ọbẹ̀ ilé odindi ni.

Ẹ wá gbójú sókè. Nọ́ńbà 12 tó wà lókè yẹn, ti Jarome Iginla ni, ìràwọ̀ Flames nígbà kan rí. Ní March 2, 2019 ni wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, ẹlòmíì ò sì tún ní wọ nọ́ńbà yẹn nínú ẹgbẹ́ Flames mọ́. Ẹnu wọn ò gba orúkọ náà, “I-gín-la” ni wọ́n ń pè é, àmọ́ Yorùbá wo ló máa rí i tí kò ní ka Igi Ńlá? Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Edmonton ni wọ́n bí òun sí ní 1977, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ rẹ̀.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní apá kejì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé orí ló gbóná. Ó létò o. Ojú lásán ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn ṣàdéhùn; ọ̀pá á bọ́ sílẹ̀, ìbọ̀wọ́ á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí akoto kó tó jà ti fi ìṣẹ́jú 2 kún ìyà rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni iṣẹ́ gidi wà fún ẹni tó ń fi ọ̀tún jà: òun ló fi máa di aṣọ ẹnì kejì mú ní èjìká apá tí ẹ̀ṣẹ́ ti ń bọ̀, kí apá yẹn má lè nà tán. Yìnyín ń yọ̀. Ẹni tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ láìdi nǹkan mú, ẹ̀ṣẹ́ ara rẹ̀ ló máa tì í sẹ́yìn. Tó bá sì ba akoto, ìka lè kán. Àwọn rẹfirí ìlà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò ní là wọ́n àfi tí ẹnì kan bá ṣubú tàbí tó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 5 lórí ìjókòó ìyà fún oníkálukú. Níbí ni ìṣirò wà. Bí agbágóólù yín tó dára jù bá bá ẹni tí wọ́n gbà nítorí ẹ̀ṣẹ́ nìkan jà, ìṣẹ́jú 5 ẹni ẹ̀ṣẹ́ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé gbèsè. Ìdí nìyẹn tí irú Iginla fi ṣọ̀wọ́n. Góólù 625 ló gbá ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà; ní sáà 2001–02 ó gbá 52, kò sẹ́ni tó tó o ní líìgì. Síbẹ̀, ó máa ń ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ní May 2004, nínú Saddledome yìí gan-an, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta ìparí ife Stanley, ife NHL, Vincent Lecavalier ti Tampa Bay ló bá jà. Ìràwọ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Calgary borí pẹ̀lú 3–0, Iginla gbá góólù kan, ó sì ṣètò òmíì. (Tampa ló gba ife náà níkẹyìn, ẹ má mẹ́nu bà á níwájú ará Calgary.)

Góólù kan, ìrànwọ́ kan, ìjà kan: orúkọ Gordie Howe, ìràwọ̀ họ́kì àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe mẹ́ta yẹn. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Howe fúnra rẹ̀ ṣe é ní NHL. Ní 1959 ó fọ́ imú Lou Fontinato, ẹni tí òun náà lókìkí ìjà, òkìkí èyí kàn débi pé ta ni yóò tún dán an wò?

Ìbínú kejì: àwọn tó ń ta jẹ́sì lẹ́bàá ọ̀nà. Jẹ́sì ojúlówó ní okùn líle kan tí wọ́n rán mọ́ inú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹni tó ń gbá họ́kì ń so mọ́ ṣòkòtò. Ẹ rò ó wò, ká ní ẹ wọ agbádá jà, tí wọ́n wá fà á bò yín lórí: ìyà tí okùn yẹn ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yí ìdí aṣọ náà síta kí ẹ wò ó. Ẹ tún fọwọ́ pa nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá wọ́n rán an ni àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń pe iye ojúlówó lé jẹ́sì 12 kan tí lẹ́tà rẹ̀ ti ń ṣí létí. A bi í pé okùn rẹ̀ dà. Ó yí aṣọ náà lọ, ó yí i bọ̀, ó ní àwọn oníbàárà òun kì í jà.