Kí ẹ tó tú wáyà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù bàálù àtijọ́

Bàálù kékeré tó ti lò ju ogójì ọdún lọ, bíi Cessna 172 tàbí Piper Cherokee, kì í sábà ní àwòrán wáyà tó ṣì bá ohun tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mu. Ẹnì kan ti fi rédíò sí i, ẹlòmíràn ti yọ ọ́, ó gé wáyà rẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bébà àti bírò ló ṣáájú pláyà. Ẹ tọ ipasẹ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn bíréékà títí dé ibi tó parí sí, ẹ fún un ní nọ́ḿbà, kí ẹ sì lẹ nọ́ḿbà yẹn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ẹ tú bátìrì. Orí négétíìfù ló kọ́kọ́ ń kúrò. Ṣùgbọ́n yíyọ bátìrì kò pa màgínẹ́tò o, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rán iná sí pílọ́gì ẹ́ńjìnnì. Màgínẹ́tò ń pèsè iná fúnra rẹ̀. Ohun tó ń pa á ni wáyà tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ lọ bá a, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá so wáyà yẹn mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin ara bàálù tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Bí ẹ bá ti yọ wáyà yìí, màgínẹ́tò ti wà láàyè nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú lè jí ẹ́ńjìnnì, kí abẹ̀bẹ̀ sì ṣá a pa. Ẹ tú wáyà kúrò lórí gbogbo pílọ́gì, kí ẹ sì so ìkìlọ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ náà títí iṣẹ́ máa fi parí.

Rọ́bà PVC ló wà lára ọ̀pọ̀ wáyà àtijọ́. Ó ti gan, ó ń sán, bó bá sì gbaná, májèlé ni èéfín rẹ̀ nínú ibi tóóró tí awakọ̀ jókòó sí. Wáyà bàálù tí wọ́n ń pè ní MIL-W-22759/16 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: rọ́bà Tefzel ló bò ó, ó sì lè gba ooru tó 150 °C. Ẹ má fi wáyà ilé tàbí ti mọ́tò dí i. Bí nọ́ḿbà ìwọ̀n wáyà (AWG) bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i: nọ́ḿbà 22 fún bíréékà áḿpíà 5, nọ́ḿbà 18 fún áḿpíà 10. Wáyà ni bíréékà ń dáàbò bò, kì í ṣe rédíò. Ẹni tó yọ bíréékà 5 tó ń já ṣáá, tó fi 15 síbẹ̀ láìpààrọ̀ wáyà, ti sọ wáyà náà di fíúùsì. Fún ohun tó bá máa ń tàn fún ìgbà pípẹ́, fóòtì tó ń sọnù lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ ju 0.5 lọ nínú bàálù fóòtì 14, tàbí 1 nínú ti fóòtì 28.

Lọ́gì, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n fi ń de orí wáyà mọ́ bọ́ọ̀tì, ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ orí wáyà, ẹ má jó o ní lẹ́ẹ̀dì. Lẹ́ẹ̀dì máa ń wọ inú okùn bàbà lọ, á sọ ọ́ di gbọọrọ bí irin, ibi tí líle yẹn parí sí gan-an ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń gé e sí. Lọ́gì pupa wà fún wáyà nọ́ḿbà 22 sí 18, búlúù fún 16 àti 14, yẹ́lò fún 12 àti 10. Pláyà tí kì í là àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé e sún mọ́ ojú: ṣóńṣó okùn bàbà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ní iwájú, kí ọ̀kankan má gé nínú wọn, kí rọ́bà wáyà sì wọ ihò ẹ̀yìn láìdé ihò tó di bàbà mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á.

Ẹ́ẹ̀tì ni wàhálà pọ̀ sí jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi kánjú. Nínú bàálù àtijọ́, wọ́n kàn máa ń fi síkúrù de wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin tó bá sún mọ́ wọn. Ara bàálù jẹ́ álúmíníọ̀mù, síkúrù jẹ́ irin. Bí ọ̀rinrin bá dé àárín àwọn méjèèjì, ìyẹ̀fun funfun á hù síbẹ̀, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ tan iná ìbalẹ̀, abẹ́rẹ́ gééjì epo sì mira. Bí ohùn bá sì ń hó fíìì nínú hẹ́díséètì, tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí i, ibì kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ de irin bàbà kan mọ́ ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí gbogbo ohun tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó lọ síbẹ̀, kí kébù tó nípọn sì ti ibẹ̀ lọ sí négétíìfù bátìrì. Ihò hẹ́díséètì kò gbọdọ̀ kan irin dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi wọ́ṣà oníke sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà tó ní àwọ̀n irin lára, apá kan ṣoṣo ni kí ẹ ti so àwọ̀n náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì.

Nínú Cherokee, ẹ wo kébù bátìrì. Álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí rẹ̀ sì máa ń jẹrà tí kíkì á fi máa yí pẹ̀lú ìnira. Ẹ fi bàbà rọ́pò rẹ̀. Kọntákítọ̀ bátìrì (ẹ̀rọ tó ń so bátìrì mọ́ wáyà bàálù) náà nílò dáyóòdù 1N4007 (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo), kí ìlà ara dáyóòdù kọjú sí pọ́sítíìfù. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìtapá iná láti inú kọ́ìlì ló máa ń jó ẹnu súìṣì.

Ẹ jẹ́ kí wáyà gùn tó láti fa gééjì jáde níwájú, ṣùgbọ́n ẹ yí ọwọ́ ìdarí dé òpin gbogbo ọ̀nà kí ẹ rí i pé kò fara kan nǹkan kan. Òkè páìpù epo ni wáyà ń gbà, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Lọ́gì kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ lórí bọ́ọ̀tì kan. Ó wà nínú AC 43.13-1B, ìwé ìtọ́sọ́nà àtúnṣe bàálù ti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, orí 11.

Kí iná tó wọ inú rẹ̀, ẹ fi mítà wọn àárín pọ́sítíìfù àti ẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè rí i pé wọn ò kan ara wọn. Ẹ fa gbogbo bíréékà jáde. Fún bàálù fóòtì 14, ẹ lo ẹ̀rọ iná fóòtì 13.8 tí ẹ lè fi òté lé áḿpíà rẹ̀, kí ẹ máa tẹ bíréékà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ áḿpíà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ sílẹ̀. Ẹ̀ńjíníà tó ní ìwé àṣẹ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò tó sì máa fọwọ́ sí i, wọ́n á tún ìwọ̀n bàálù ṣírò. Kọ́ńpáàsì ni kí ẹ yẹ̀ wò gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti rédíò ní títàn, torí wáyà tuntun tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá fà á, ẹ lọ́ wáyà lílọ àti bíbọ̀ iná kọ́ńpáàsì mọ́ra, kí ẹ tún un wò.