Sólà Leeds, sólà Ìbàdàn: èwo ló tètè dá owó padà?

Lóṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ilẹ̀ ti ṣú. Síbẹ̀, mo gbé páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá sórí òrùlé mi. £6,400 ni wọ́n gbà, kò sì sí VAT lórí rẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2022. Nǹkan bíi yúnìtì 3,400 ni wọ́n ń mú wá lọ́dún. Mo ń lo ìdajì, èyí tí ǹ bá máa fi pẹ́ńsì 25 ra ẹyọ kan. Ìdajì yòókù ń gba inú wáyà lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, wọ́n sì ń fún mi ní pẹ́ńsì 15. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: £680 lọ́dún. Ọdún 9 ó lé díẹ̀ ni n óò fi rí owó mi kó jọ.

Ní ilé Màmá mi n'Íbàdàn, jẹnẹrétọ̀ ni sólà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: epo lítà 5 lójúmọ́, ₦900 lítà kan nígbà náà, ₦135,000 lóṣù, kí á má tíì ka ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Páńẹ́ẹ̀lì 6, ínfátà àti bátìrì lithium jẹ́ ₦3,200,000, bátìrì ló sì kó owó jù níbẹ̀. Kí ọdún 2 tó pé, owó ti padà. Iṣẹ́ tó kù kò ju pé kí àbúrò mi gun àkàbà nígbà ọyẹ́, kó fi aṣọ tútù nu eruku ojú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, iná lọ ládùúgbò wa ní Leeds. Oòrùn ń ràn yòò, fìríìjì mi sì dákẹ́! Sólà tí kò ní bátìrì níbí á pa ara rẹ̀ bí iná ìta bá ti lọ, kí iná má baà gbé àwọn tó ń tún wáyà ṣe. N'Íbàdàn, ìgbà tí iná bá lọ gan-an niṣẹ́ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ló ń dùn mí. Tó bá di aago kan ọ̀sán, bátìrì Màmá ti kún, kò sì sẹ́ni tó máa ra iná tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Oòrùn tó ju ti Leeds lọ fíìfíì ń ṣòfò lórí páànù, ará ilé kejì sì ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Màmá ò lè wò ó níran. Wọ́n ní kí oníná na wáyà kan gba orí ògiri, òun ni ìyá olómi tútù fi ń lo fíríìsà rẹ̀ báyìí, láti aago mọ́kànlá títí di mẹ́ta.