Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: Nordic Curl àti Ẹ̀yìn Itan Òsì Mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò ráyè kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bínú, àmọ́ mi ò pa jíìmù jẹ rárá, Túsìdé àti Fúráìdé ni mo lọ, torí kóòṣì wa ní iṣan ò lè lágbára tí mi ò bá jẹ́ kó sinmi láàárín.

Ẹ rántí pé bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé ló sún mi dé ìdí Nordic curl, eré ìdárayá tó ń fún iṣan ẹ̀yìn itan lágbára. Mo ń sáré lé bọ́ọ̀lù kan lọ, ẹ̀yìn itan òsì mi dún pàù bíi rọ́bà tó já, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ó ju oṣù kan lọ kí n tó rìn láìtiro. Iwájú itan nìkan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún látọjọ́ yìí, squat (ká lóṣòó ká dìde) lónìí, squat lọ́la, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀yìn itan ló máa ń kó ìjánu ẹsẹ̀ kó tó kanlẹ̀ téèyàn bá ń sáré kíkankíkan.

Bí mo ṣe ń ṣe Nordic curl nìyí. Màá ká fóòmù sábẹ́ orúnkún, torí sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ jíìmù wa, àbúrò mi á wá di ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màá fún ìdí pọ̀, màá na ara láti orúnkún dé èjìká bíi pákó, màá wá máa sọ̀ kalẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ á fi gbà mí. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà, ọwọ́ ni mo fi ń ti ara mi padà sókè. Tí ìbàdí bá ti ká bí ẹni fẹ́ foríbalẹ̀, kò kà nìyẹn.

Sẹ́ẹ̀tì 2, ẹ̀ẹ̀marùn-ún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì àtijókòó sórí ọ̀kadà di ogun. Ìrora yẹn ò lè pa èèyàn, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, á sì lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ tójú kan bá gún yín fíín bí abẹ́rẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta àbúrò mi ò wá, mo ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ǹṣì gbéra, díẹ̀ ló kù kí àgbọ̀n mi gbálẹ̀. Látìgbà yẹn, tí ò bá sẹ́ni tó máa dì mí mú, Romanian deadlift ni màá ṣe, irin 20kg lásán láìfi nǹkan kan kún un, orúnkún á rọ̀ díẹ̀, màá ti ìdí sẹ́yìn, irin á máa ra itan bọ̀ wálẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ti fẹ́ ká báyìí mo ti dúró.

Ṣọ́ọ̀kì la fi ń sàmì sára ògiri níbi tí èjìká mi dé kí n tó jọ̀wọ́ ara. Ìlà àkọ́kọ́ wà lókè ìdí fèrèsé, ti Fúráìdé yìí ti fi ìbú ọwọ́ mẹ́ta rẹlẹ̀ sí i, sẹ́ẹ̀tì 3 sì ni, ẹ̀ẹ̀mẹfà mẹ́fà. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀.

Láàárọ̀ àná mo sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti géètì OAU wọ Road 1, òsì ò fà mí rárá. Mi ò tíì ní gbá bọ́ọ̀lù o. Tó bá di Túsìdé ẹ̀ẹ̀mẹjọ mẹ́jọ la máa dán wò, mo ti sọ fún àbúrò mi kó mú ṣọ́ọ̀kì dání.